Ìwé Tí Wọ́n Há Sábẹ́ Wáípà

Ọkọ mi ni ó gbé ọkọ̀ náà síbẹ̀. Ó ti ọjà Tápà dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó já àwọn obìnrin tí ó kó lọ sílẹ̀ ní oríta, ó wá gbé ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì níwájú ilé wa, níbi tí ó ti máa ń gbé e sí láti ọdún tí a ti kọ́lé. Mo jókòó lójú fèrèsé, mò ń bó ẹ̀gúsí. Mo rí i tí ó bọ́ sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì di àyà mú, mo rò pé gíláàsì ojú rẹ̀ ni ó ń wá nínú àpò. Ó lọ sẹ́yìn ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé òkúta sábẹ́ táyà, nítorí pé háńbíréèkì ọkọ̀ yẹn ti kú láti ìgbà tí àbígbẹ̀yìn wa wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ó fi ẹsẹ̀ ta òkúta náà lẹ́ẹ̀mejì kí ó lè mọ̀ pé ó jókòó dáadáa. Lẹ́yìn náà ni ó yíjú sí mi, ó ní, "Ìyá Ẹlẹ́gúsí, bá mi bu omi."

Kí n tó gbé omi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ ẹlòmíràn ni a fi gbé e lọ sí ọsibítù. Lọ́jọ́ kejì, a gbé e padà wálé, a sì sin ín kí oòrùn tó wọ̀.

Mo mọ orúkọ gbogbo ẹni tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mo mọ orúkọ àwọn obìnrin tí ó kó lọ sí Tápà lọ́jọ́ náà, mo mọ ẹni tí ó jókòó síwájú nínú wọn. Ẹni tí ó bá ti ra ẹ̀gúsí lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan péré, mo mọ orúkọ rẹ̀, mo mọ ti ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni níbí. Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi wà nílé ọkọ mi tí n kò pè é lórúkọ lọ́jọ́ kan. Bí n kò bá dárúkọ tirẹ̀, kí ni mo fẹ́ fi ti ẹlòmíràn ṣe?

Bí a ti sin ín ni mo wọlé opó. Ní tiwa tí a jẹ́ Mùsùlùmí, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni opó. Ní ìlú wa, obìnrin tí ó bá wà nínú opó kì í jáde kiri. Àbúrò ọkọ mi obìnrin wá bá mi gbé, òun ni ó ń lọ sọ́jà fún mi. Èmi jókòó lójú fèrèsé pẹ̀lú igbá ẹ̀gúsí mi, ọkọ̀ náà ni mo sì ń wò látàárọ̀ dalẹ́. Bí eruku ọyẹ́ ṣe ń bò ó ni mo ń wò. Kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ gbé e kúrò, nítorí pé ogún kò tíì pín. Ẹni tí ó ni ín ti lọ, àwọn tí yóò jogún rẹ̀ kò tíì jókòó. Títí di ọjọ́ tí wọ́n máa jókòó, ohunkóhun tí ó bá wà lára ọkọ̀ yẹn, títí kan ewé odán tí ó bá já bọ́ sórí rẹ̀, nǹkan òkú ni. Ìyẹn ni mo ń sọ fún àwọn ènìyàn. Ohun tí n kò sọ fún wọn ni pé òkúta yẹn ni ohun tí ọwọ́ rẹ̀ gbé kẹ́yìn láyé, n kò sì fẹ́ kí ọwọ́ mìíràn kàn án.

A ti ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ, àwọn àlejò ti lọ, ilé ti dákẹ́. Lọ́jọ́ kẹtàlá tí a sin ín, ọkùnrin kan dé. Ó wọ ẹ̀wù káńsù tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ọsàn tó pọ́n. Ó yí ọkọ̀ po, ó wo nọ́ńbà rẹ̀ àti orúkọ tí a kọ sára ilẹ̀kùn rẹ̀, ó gbé ìwé lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó kọ ọ́, ó ya á, ó gbé wáípà sókè, ó há ìwé sábẹ́ rẹ̀, ó sì lọ. Kò wo fèrèsé. Kò kí ilé. Mo mọ̀ ọ́n: ọmọ obìnrin kan tí ó ń ta èlùbọ́ ní Èrúwà ni, mo sì gbé e rí nígbà tí kò tíì lè rìn. Mo wí fún àbúrò ọkọ mi pé, "Wo ọmọ yìí! Ó wá sílé ọ̀fọ̀, kò kí ilé."

Àbúrò ọkọ mi jáde lọ wo ìwé náà. Ó kígbe láti ìta pé, "Ìyàwó wa, káńsù ni o! Wọ́n ní ọkọ̀ wà níbi tí kò yẹ. Orúkọ Bàbá ni wọ́n kọ sí i."

"Má fọwọ́ kàn án."

"Ṣé kí n má mú un wọlé ni?"

"Ta ni wọ́n kọ ọ́ sí?"

"Bàbá ni."

"Ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí kò sí nílé. Fi sílẹ̀ níbẹ̀."

Wọ́n ní orí kunkun opó ló ń dà mí láàmú. Bóyá òun náà ni. Ṣùgbọ́n ìwé náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó wà níbẹ̀ lóṣù kejì. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, òjò kò rọ̀. Oòrùn ń pa á, ọyẹ́ ń fẹ́ ẹ, wáípà ṣáà dì í mú. Kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án ní gbogbo àdúgbò wa. Ohun òkú ni, gbogbo ayé mọ̀.

Nígbà tí ó di oṣù kẹrin ni ìwé kejì dé. Ẹlòmíràn ni ó mú ìyẹn wá, ó sì kanlẹ̀kùn bí ọmọlúàbí. Ìwé náà ní wọ́n ti fi ìwé kìíní lé ẹni tí ó ni ọkọ̀ lọ́wọ́, ó kọ̀ láti fọwọ́ sí i, kò sì dáhùn láàrin ọjọ́ mẹ́rìnlá tí òfin fi sílẹ̀. Nítorí náà, owó ìtanràn ti di ìlọ́po méjì. Bí kò bá sì wá sọ tẹnu rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀ káńsù lọ́jọ́ báyìí báyìí, wọn yóò wọ́ ọkọ̀ náà lọ sí ọgbà wọn, wọn yóò sì lù ú ní gbàǹjo. Mo ka ọjọ́ tí wọ́n dá. Ó bọ́ sí ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn tí opó mi yóò parí. Mo ní, "Alhamdulilah. Ọlọ́run ni ó bá mi dá ọjọ́ yìí."

Àkọ́bí mi pè láti Ìbàdàn lálẹ́ ọjọ́ náà. Àbúrò bàbá rẹ̀ ti sọ fún un.

"Màmá, ẹ jẹ́ n fi owó yẹn ránṣẹ́, ká san án, kí ọ̀rọ̀ tán."

"Ìwọ ni o gbé ọkọ̀ síbẹ̀?"

"Rárá, mà. Bàbá ni."

"Tí o bá san án, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé pé a fún bàbá rẹ níwèé, ó kọ̀ ọ́, ẹ̀rù wá bà wọ́n nílé rẹ̀, wọ́n sanwó. Ṣé bàbá tí o mọ̀ nìyẹn?"

"Màmá, ẹ̀yin àti káńsù báwo?"

"Èmi àti káńsù dáadáa ni. Mo ti ń gba ìwé ìsọ̀ lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó bí alága wọn."

Kì í ṣe pé mo kàwé púpọ̀. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Mo lè ka Yorùbá bí omi, Òyìnbó ni mo ń kà bí ẹni tí ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Ṣùgbọ́n a ní Bàbá Akọ̀wé ládùúgbò. Ó ti ṣe akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó fẹ̀yìntì, ó ti gbọ́ irọ́ lóríṣiríṣi. Mo ránṣẹ́ pè é. Ó gbé bẹ́ǹṣì sábẹ́ fèrèsé mi lóde, èmi jókòó nínú ilé, irin fèrèsé wà láàrin wa. Ó wọ gíláàsì, ó ka ìwé kejì tán, ó bọ́ gíláàsì, ó nù ún, ó tún un kà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Kí ló pa yín lẹ́rìn-ín, Bàbá Akọ̀wé?"

"Ìyá Ẹlẹ́gúsí, ẹ bá mi ka ibí yìí."

"Wọ́n ní wọ́n fi lé e lọ́wọ́."

"Lọ́wọ́ ta ni?"

"Lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ọkọ̀."

"Lọ́jọ́ wo?"

Mo wo ọjọ́ náà. Ọjọ́ kẹtàlá tí a sin ín ni. Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn, n kò lè rẹ́rìn-ín bíi tirẹ̀. Omi bọ́ lójú mi, ó bọ́ sínú ẹ̀gúsí. Ó dúró títí mo fi nu ojú tán, ó wá wí pé, "Ẹ sunkún tán lónìí o. Lọ́jọ́ tí a bá débẹ̀, ẹkún kì í ṣe ẹ̀rí."

Ó lọ sí káńsù lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó jẹ́ kí ó rí ìwé òfin tí wọ́n fi ń mú ọkọ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n ní ó wà, eku sì ti jẹ etí rẹ̀. Ó sanwó kí wọ́n tó bá a ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ó mú un wá sábẹ́ fèrèsé. Díẹ̀díẹ̀ ni a kà á. Òfin náà ní kí a fi ìwé lé ẹni tí ó ni ọkọ̀ lọ́wọ́, tàbí kí a fi lé àgbàlagbà kan lọ́wọ́ nínú ilé rẹ̀. Ó ní a lè fi í sára ọkọ̀ bí kò bá sí ènìyàn kankan nílé, ṣùgbọ́n kí a kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sórí ìwé. Lẹ́yìn náà, ó ní ibi tí a kò bá fẹ́ kí ọkọ̀ dúró sí, kí a ri pátákó mọ́lẹ̀ níbẹ̀, kí ojú lè rí i. Mo ní, "Ààlè nìyẹn. Ẹni tí kò so ààlè kò lè sọ pé mo ré ààlè kọjá." Bàbá Akọ̀wé ní kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ níwájú ìgbìmọ̀.

Ṣùgbọ́n ó kọ́ mi gidi. Lójoojúmọ́ lẹ́yìn ìrun àsárì ni yóò jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, yóò ní, "Wọ́n ti pè yín. Kí ni ẹ ó kọ́kọ́ sọ?"

"Màá ní ọkọ mi jẹ́ ènìyàn rere."

"Ẹ jókòó. Ẹ ti jẹ̀bi."

"Ṣé kò jẹ́ ènìyàn rere ni?"

"Ó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Òfin kò ní kí ènìyàn rere gbé ọkọ̀ sí ibi tí kò yẹ. Ẹ tún un sọ."

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó tẹnu mọ́ jù. Ó ní n kò gbọdọ̀ tètè sọ pé ọkọ mi ti kú. "Ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ búra. Ẹ jẹ́ kí ó sọ ohun tí ó rí. Tí ẹ bá kọ́kọ́ sọ ọ́, ó máa ní àṣìṣe ni."

Ní ọ̀sẹ̀ kan náà yẹn, àwọn ọkùnrin méjì dé pẹ̀lú dígà àti sìmẹ́ńtì, wọ́n ń gbẹ́ ihò sí etí títì níwájú ọkọ̀ wa. Mo kí wọn láti ojú fèrèsé. "Ẹ kú iṣẹ́ o! Kí lẹ̀ ń gbìn?"

"Pátákó ni, Ìyá. Wọ́n ní kí wọ́n má gbé ọkọ̀ síbí."

"Òmíràn ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni?"

"Rárá o. Òní la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rì í."

Mo ní kí àbúrò ọkọ mi bu omi tútù fún wọn. Mo béèrè orúkọ wọn, orúkọ bàbá wọn, àti agboolé wọn, mo kọ gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀yìn páálí ṣúgà pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n wá. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ìyá yìí fẹ́ fún wa lọ́mọ fẹ́ ni." Mo ní kí wọ́n máa retí mi.

Opó parí. Mo wẹ̀, mo wọ aṣọ mìíràn, mo jáde sí títì fún ìgbà àkọ́kọ́. Olórí ẹbí ọkọ mi wá pẹ̀lú Lèmọ́mù àdúgbò àti Bàbá Akọ̀wé, a dúró ti ọkọ̀. Bàbá Akọ̀wé fi fóònù ya ìwé náà níbi tí ó wà, ó ya eruku orí gíláàsì, ó ya pátákó tuntun náà. Nígbà náà ni olórí ẹbí gbé wáípà sókè tí ó sì yọ ọ́. Ìwé aláwọ̀ yẹ́lò ni tẹ́lẹ̀. Oòrùn ti pa á, ó ti funfun bí eyín, àfi ìlà kan tààrà láti òkè dé ìsàlẹ̀ tí ó ṣì pọ́n dáadáa. Ibẹ̀ ni wáípà tẹ̀. Bàbá Akọ̀wé fi ìka tọ ìlà náà.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, àwa mẹ́ta ni a lọ: èmi, Bàbá Akọ̀wé, àti àkọ́bí mi tí ó ti Ìbàdàn wá, tí ó sì fi owó ìtanràn sínú àpò bí ó bá di pé kò dáa. Mo rí bí àpò rẹ̀ ṣe wú.

Ènìyàn mẹ́ta ni ìgbìmọ̀ náà. Obìnrin ni alága wọn, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ẹgbẹ́ àbígbẹ̀yìn mi. Lọ́yà káńsù jókòó lọ́tọ̀ pẹ̀lú fáìlì rẹ̀. Ọmọ ẹlẹ́lùbọ́ jókòó lẹ́yìn rẹ̀ nínú ẹ̀wù ọsàn. Wọ́n pe orúkọ ọkọ mi. Ó ti pẹ́ tí mo gbọ́ ọ tí wọ́n pè é báyẹn, bí ẹni pé yóò dáhùn. Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kejì. Díẹ̀ ló kù kí n yíjú wo ẹnu ọ̀nà.

Mo dìde. "Alága, mo kí yín o. Kò lè wá. Èmi ni ìyàwó rẹ̀, mo wá sọ̀rọ̀ fún un."

Lọ́yà ní, "Ṣé ó fún yín níwèé pé kí ẹ ṣojú òun?"

"Kò fún mi."

"Kí ló dé tí òun fúnra rẹ̀ kò wá?"

"Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀sùn tí ẹ fi kàn án, ọmọ mi. Tí mo bá gbọ́ ọ tán, màá sọ ìdí tí kò fi wá fún yín."

Alága rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní kí wọ́n máa bá a lọ. Ọmọ ẹlẹ́lùbọ́ fi Bíbélì búra. Ó ní òun bá ọkọ̀ níbi tí ó ti dí títì, òun kọ ìwé, òun fi lé ẹni tí ó ni ọkọ̀ lọ́wọ́, ó sì kọ̀ láti fọwọ́ sí i. Kò wò mí lójú bí ó ti ń sọ ọ́. Ìyá rẹ̀ ni ó ń sọ sí mi lọ́kàn. Obìnrin tí kì í yọ òṣùwọ̀n jẹ ni. Ó ṣe mí bí ẹni pé kí n jókòó, kí n ní kí ọmọ mi yọ owó. Ṣùgbọ́n mo rántí ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé náà: ó kọ̀.

Alága ní, "Màmá, ṣé ẹ ní ìbéèrè?"

"Mo ní, díẹ̀." Mo kọjú sí i. "Ọmọ mi, o kú iṣẹ́."

"Ẹ ṣé, mà."

"Ìwọ fúnra rẹ ni o fún ọkọ mi níwèé?"

"Èmi ni, mà."

"Níbo ló dúró sí?"

"Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, mà."

"Báwo ló ṣe rí?"

"Bàbá àgbà ni. Ó wọ aṣọ funfun. Ó dé fìlà."

"Aṣọ funfun?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ṣé ara rẹ̀ le?"

Lọ́yà dìde, ó ní ìyẹn kò kan ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀. Alága ní kí ó jókòó.

"Ara rẹ̀ le, mà. Ó ń pariwo mọ́ mi gan-an. Ó ní kò sí ohun tí káńsù lè ṣe fún òun."

Ọkọ mi, tí kì í pariwo mọ́ ewúrẹ́ tí ó bá jẹ ẹ̀gúsí mi.

"Ǹjẹ́ ó béèrè mi?"

"Mà?"

"Mo ní ṣé ó béèrè mi. Lọ́jọ́ tí o kọ sínú ìwé yìí, ó ti pé ọjọ́ mẹ́tàlá tí a sin ín. Láti ìgbà náà ni mo ti ń retí kí n rí i, ì báà jẹ́ lójú àlá. Ìwọ rí i lójú kòrókòró, ẹ sì sọ̀rọ̀. Aṣọ funfun tí o sọ yẹn, irọ́ kọ́, mẹ́ta ni a wé mọ́ ọn. Fìlà nìkan ni a kò dé fún un."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó sì tètè fọwọ́ bo ẹnu. Ọmọ ẹlẹ́lùbọ́ yíjú wo lọ́yà. Mo gbé ìwé ọsibítù àti ìwé Lèmọ́mù síwájú alága, mo sì gbé ìwé tí oòrùn ti pa náà lé e.

"Ìwé tí ó ní òun fi lé e lọ́wọ́ nìyí. Ẹ wo ìlà tí ó wà láàrin rẹ̀. Abẹ́ wáípà ni ó wà fún oṣù mẹ́rin, nítorí pé ogún kò tíì pín, a kì í sì í fọwọ́ kan ohun òkú. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ fi lé ènìyàn lọ́wọ́ ni, wáípà kì bá tí dì í mú."

Lọ́yà gbìyànjú, n kò ní fi dù ú. Ó ní bí kò tilẹ̀ bá a nílé, òfin gbà kí a fi ìwé sára ọkọ̀. Mo ní òótọ́ ni, bí kò bá sí ènìyàn nílé, kí a sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. "Èmi wà nílé. Opó kì í jáde. Mo jókòó lójú fèrèsé, ẹsẹ̀ mẹ́wàá ni sí ibi tí ó dúró sí. Mo ń wò ó, kò kí mi." Lẹ́yìn náà ni mo yọ páálí ṣúgà, mo ka orúkọ àwọn tí ó ri pátákó, orúkọ bàbá wọn àti agboolé wọn, àti ọjọ́ tí wọ́n rì í. Mo ní, "Lóṣù kẹrin lẹ́yìn ìwé yín ni ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ so ààlè. Ẹni tí kò so ààlè kò lè sọ pé mo ré ààlè kọjá." Mo wo ẹ̀yìn. Bàbá Akọ̀wé ti bọ́ gíláàsì, ó ń nù ún.

Mo jókòó. Wọ́n fi orí kan orí, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò pẹ́. Alága ní ìwé náà kò dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni lọ́nà tí òfin là sílẹ̀, kò sì sí pátákó níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n fagi lé ìtanràn. Wọn kò ní wọ́ ọkọ̀. Wọ́n bá mi kẹ́dùn. Àkọ́bí mi ti dìde.

Èmi kò dìde. Alága ní, "Màmá, ó ti parí o. Ẹ ti jàre."

"Ó ku ẹyọ kan. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó kọ̀. Kò kọ̀. Kò sí ohun tí wọ́n gbé fún un tí ó lè kọ̀. Ẹ bá mi pa á rẹ́, kí ẹ fi òǹtẹ̀ lù ú."

Obìnrin náà wò mí títí. Ó gba kálàmù lọ́wọ́ akọ̀wé wọn, ó fa ìlà sórí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ nínú ìwé ńlá, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n sì lu òǹtẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo dìde.

Ọmọ ẹlẹ́lùbọ́ ń dúró dè mí níta, lábẹ́ igi máńgòrò. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku pẹ̀lú ẹ̀wù ọsàn rẹ̀. Àkọ́bí mi fẹ́ sọ̀rọ̀, mo fi ọwọ́ dá a dúró.

"Ta ló ní kí o kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ìyá, tí èèyàn ò bá kọ ọ́ pé òun fi lé wọn lọ́wọ́, ọ̀gá wa kì í gba fọ́ọ̀mù. Gbogbo wa la máa ń kọ ọ́. Mi ò mọ̀ pé Bàbá ti kú."

"Ká ní o kí ilé ni, ò bá ti mọ̀."

"Ẹ má sọ fún ìyá mi. Ẹ dákun."

"N kò ní sọ fún un. Ṣùgbọ́n o jẹ mí ní gbèsè kíkí ilé. Wá lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun."

Lọ́jọ́ Jímọ̀ náà ni a pín ogún. Ìdá kan nínú mẹ́jọ ni ti opó nínú ìwé ẹ̀sìn wa. Wọ́n béèrè ohun tí mo fẹ́, mo ní ọkọ̀ ni. Àwọn ọmọ wo ara wọn. Ọkọ̀ tí bátìrì rẹ̀ ti kú, tí n kò sì mọ̀ ọ́n wà! Wọ́n fún mi. Mo wá ní kí wọ́n jẹ́ kí á gbé e wọnú ọgbà. Àkọ́bí mi ní, "Màmá, ṣebí ẹ ti jàre?"

"Ìgbà tí pátákó kò sí ni mo jàre. Pátákó ti wà báyìí, ogún sì ti pín. Ṣé ìgbà tí òfin bá gbè mí nìkan ni kí n mọ̀ ọ́n kà ni?"

Ọmọ ẹlẹ́lùbọ́ wá lóòótọ́. Aṣọ ilé ni ó wọ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kí ilé, ó kí mi kú àṣẹ̀yìndè, ó kí àbúrò ọkọ mi, ó kí gbogbo wa tán pátápátá. Mo ní, "Ó dáa. Bọ́ bàtà rẹ, o máa bá wọn ti ọkọ̀." Àbúrò ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní òun kò rí i rí kí káńsù fi ọwọ́ ara wọn ti ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ wọ́.

Kí wọ́n tó tì í, mo ní kí gbogbo wọn kúrò nídìí táyà. Mo bẹ̀rẹ̀, mo yọ òkúta náà. Ó ti jìn sílẹ̀ díẹ̀, ojú ibẹ̀ tutù, kòkòrò kan sá jáde lábẹ́ rẹ̀. Ó wúwo ju bí mo ti rò lọ. Mo gbé e sínú ìró mi, mo ń tẹ̀ lé wọn bí wọ́n ti ń ti ọkọ̀. Àkọ́bí mi di sítíárìn mú, Bàbá Akọ̀wé ń pàṣẹ bí ọ̀gá dírẹ́bà, ọmọ ẹlẹ́lùbọ́ ń làágùn. Wọ́n gbé e dé abẹ́ igi ọsàn lẹ́yìnkùlé. Àkọ́bí mi ní, "Ẹ di táyà mú o, kò ní háńbíréèkì!"

Mo ní, "Ta lò ń sọ fún?"

Mo gbé òkúta sílẹ̀ sẹ́yìn táyà, mo fi ẹsẹ̀ ta á lẹ́ẹ̀mejì. Ó jókòó dáadáa. Mo wá wọlé, mo lọ bu omi wá fún àwọn tí ó tì í.